Tíṣà Ọjọ́ Sátidé

Ọjọ́ tí Dominic kọ́kọ́ wọ ilé Bàbá Ògúnbọ̀dé ní Odòdè, ní Ìdànrè, àárín kòkó ló ti bá Gbémisọ́lá. Ọmọ náà ká ìró sókè díẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní kí oòrùn lè ba ìhà kejì. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò funfun, tó há báàgì awọ sí abíyá, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wo ọmọbìnrin náà ni.

Gbémisọ́lá sọ ìró sílẹ̀ kíá, ó kúnlẹ̀ kí i, ó bi í bóyá bàbá òun ló ń wá.

"Èmi ni tíṣà tí wọ́n ní kó wá máa kọ́ ọ ní ìṣirò," ni ọkùnrin náà wí. "Dominic Olúsànmí lorúkọ mi, láti Àkúrẹ́. Ṣé ìwọ nìkan lo ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí?"

Ìbéèrè yẹn ya Gbémisọ́lá lẹ́nu. Kí ló kan tíṣà ìṣirò nínú ẹni tó ń yí kòkó? Ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà dára, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní òun nìkan ni, ó sì lọ bu omi wá fún un.

Kí tíṣà tó dé, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Gbémisọ́lá ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ọmọbìnrin rí. Túnráyọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kó bá a. Túnráyọ̀ lóyún níbi tó ti ń kàwé, ó sì bá ọkùnrin tó fún un lóyún sá lọ sí Sápẹlẹ̀. Bàbá Ògúnbọ̀dé, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í pa ìsìn jẹ, kò bá ẹnikẹ́ni rojọ́. Ó wọ ọkọ̀, ó lọ kó ẹrù àbúrò wálé. Ó ní ohun tí ojú òun kò bá tó, òun kò ní gbà á gbọ́ mọ́ láyé òun.

Ọmọ náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń wù ú, wọn kò sì ní gba ẹni tí kò ní sátífíkéètì sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn. Nígbà tó yá, bàbá rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó ní kó máa kàwé nínú ilé, kó sì lọ ṣe ìdánwò tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn tí kò sí nílé-ìwé. Gẹ̀ẹ́sì, Bíbélì, ìtàn ilẹ̀ àwọn òyìnbó, gbogbo rẹ̀ ni Gbémisọ́lá dá kà, ó sì yé e. Aljẹ́bírà àti físíìsì ló tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bàbá wá bẹ Babárìndé, oníṣòwò tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀, pé kó bá òun wá tíṣà gidi ní Àkúrẹ́. Babárìndé ló mú Dominic wá.

Bàbá kò fẹ́ ìtàn Túnráyọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣòfin pé Sátidé nìkan ni tíṣà á máa wá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta ni wọn á ti máa kàwé, Yèyé Oyèṣọlá, ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, á sì máa jókòó tì wọ́n. Yèyé kò mọ a yàtọ̀ sí b, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ kì í rí kò pọ̀. Á máa bó ẹ̀gúsí rẹ̀, etí rẹ̀ á sì wà lọ́dọ̀ wọn.

Kí a má purọ́ mọ́ Dominic, ó mọ ìwé kọ́ ènìyàn. Nígbà tí Gbémisọ́lá ní òun kò mọ ohun tí lẹ́tà ń wá nínú ìṣirò, ó nawọ́ sí àpò kòkó tí wọ́n ti rán lẹ́nu. Ó ní wọn kò mọ bí ohun tó wà nínú rẹ̀ ti wúwo tó. Títí wọn á fi gbé e sórí òṣùwọ̀n, x ni kí wọ́n máa pè é. Bí irú àpò bẹ́ẹ̀ méjì àti òkúta kan bá wà lápá kan òṣùwọ̀n, tí ó dọ́gba pẹ̀lú ohun tó wà lápá kejì, kí wọ́n gbé òkúta náà kúrò, kí wọ́n yọ ìwọ̀n rẹ̀ kúrò lápá kejì, kí wọ́n wá pín èyí tó kù sí méjì. Gbémisọ́lá ronú títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó ti ń dẹ́rù bà á láti ọdún yìí wá, kòkó bàbá rẹ̀ náà ni.

Yèyé bèèrè láti ìdí ẹ̀gúsí bóyá ará Ìdànrè ni x yìí, pé kí ló dé tí wọ́n fi ń wá a láti àárọ̀ tí wọn kò rí i. Dominic rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú tíṣà yìí tí kò jọ ti tíṣà. Kì í gba owó iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n ṣáà máa fún òun ní owó ọkọ̀. Bí wọ́n bá fún un lóúnjẹ, á bèèrè ẹni tó se ọbẹ̀. Ó bèèrè irú àìsàn tó pa ìyá Gbémisọ́lá. Ó bèèrè ìgbà tí ọmọ náà máa ń jí. Bí àlejò bá yà, tí ọmọ náà dìde láti kí i, tíṣà á gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, á máa wo bó ṣe ń kúnlẹ̀. Yèyé tún rí i lọ́jọ́ kan nídìí ẹni tó ń rán bàtà lódìkejì ọ̀nà, tó ń fi ọgbọ́n bèèrè bóyá wọ́n ní àrùn ọpọlọ nínú ìdílé Ògúnbọ̀dé.

Yèyé pe Gbémisọ́lá sí kọ̀rọ̀ yàrá.

"Ìfojúsóde ni ọkùnrin yìí ń ṣe," ló wí. "Èmi náà ti ṣe é rí. Nígbà tí bàbá rẹ fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ, èmi ni wọ́n rán. Mo ń lọ ra epo lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ bí ẹni pé epo ló gbé mi débẹ̀. Mo mọ ojú tó ń ṣọ́ ènìyàn, Gbémi. Ṣọ́ra."

Ó yẹ kí ẹ̀rù ba ọmọ náà. Inú rẹ̀ dùn ni. Bí ọkùnrin yìí bá ń ṣọ́ òun, ó rò lọ́kàn ara rẹ̀, á jẹ́ pé ó fẹ́ fẹ́ òun ni, ojú ló ń tì í. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ búláòsì rẹ̀ tó dára lọ́jọ́ Sátidé, ó sì ń fi edé kún ọbẹ̀. Nígbà tí yóò fi mọ̀, ó ti fẹ́ràn Dominic tọkàntọkàn, débi pé bí ọkọ̀ Àkúrẹ́ bá pẹ́ díẹ̀, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Bí oṣù ti ń gorí oṣù, tíṣà náà yí padà. Ìbéèrè rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó ń gbàgbé ibi tí wọ́n bá ẹ̀kọ́ dé. Lọ́jọ́ kan ó kọ ọ́ sórí síléètì pé bí a bá fi máínọ́ọ̀sì sọ máínọ́ọ̀sì di púpọ̀, máínọ́ọ̀sì ni yóò jẹ́. Gbémisọ́lá ní, "Pílọ́ọ̀sì ni, sà." Dominic wo síléètì náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún.

"Má bínú. Ọkàn mi ò sí níbí."

"Níbo ló wà, sà?"

"Níbi tí kò yẹ kó wà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ba oorun Gbémisọ́lá jẹ́. Ṣé ó ti níyàwó ni? Kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀? Babárìndé náà tún bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Bó bá ti wá wọn kòkó, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á pe Gbémisọ́lá ní ìyàwó wa. Nígbà tí ọmọ náà sọ ọ́ fún Dominic bí ẹni ń ṣeré, tó ń retí pé kí òun náà rẹ́rìn-ín, ojú tíṣà ṣú, ó sì ní kí wọ́n ṣí ìwé físíìsì. Láti ọjọ́ náà ni Gbémisọ́lá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí olólùfẹ́ rẹ̀, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ pé òun ń fura.

Sátidé kan, ìdánwò ti ń sún mọ́lé, ọkọ̀ Babárìndé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan tó fi rósárì kọ́rùn ló bá a sọ̀ kalẹ̀. Dominic dìde fìrì, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ wá ṣe níbí?"

Màmá Catherine, ìyá rẹ̀, ni. Ó wọlé, wọ́n fún un ní àga, Gbémisọ́lá kúnlẹ̀ kí i. Ọjọ́ tí òun ń retí ti dé, lójú tirẹ̀. Obìnrin náà kí Bàbá Ògúnbọ̀dé dáadáa, ó wá sọ ohun tó gbé e wá.

"Mo ní ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Matthias. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ ni l'Ékòó. Babárìndé ló júwe ọmọ yín fún wa, a sì rán Dominic, àbúrò rẹ̀, pé kó wá fojú ṣọ́ ọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ tó ń mú bọ̀ kò dára. Ó ní ọmọ yín máa ń sùn lọ́sàn-án. Ó ní kò mọ ọbẹ̀ í sè. Ó ní ó máa ń já àgbà lóhùn. Babárìndé ní irọ́ ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu, mo ní kí n fojú ara mi rí i."

Gbémisọ́lá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn obìnrin náà, ṣùgbọ́n àfi bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ. Ìtìjú kọ́kọ́ mú un, ìbànújẹ́ wá tẹ̀ lé e. Ọkùnrin tí òun ń sebẹ̀ fún, tí òun ń wọ búláòsì fún, ẹlòmíràn ló rán an wá. Ó tún wá ba òun jẹ́ lé e lórí.

Bàbá bèèrè bóyá lóòótọ́ ni tíṣà sọ bẹ́ẹ̀. Dominic ní òun sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá bèèrè bóyá òótọ́ lohun tó sọ. Dominic wo ìyá rẹ̀, ó wo Gbémisọ́lá. Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Bàbá Ògúnbọ̀dé sin àwọn àlejò dé ẹnu ọ̀nà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má padà wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ tàn ní Ìdànrè. Kó tó di ọjọ́ ìwọ̀n kòkó, gbogbo Odòdè ti gbọ́ pé ọmọ Ògúnbọ̀dé ò mọ ọbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń bi í lódò bóyá ó ti jí lójú oorun ọ̀sán. Ìdílé kan tó ti ń wá ọ̀nà àtifẹ́ ẹ dákẹ́ lójijì. Orúkọ ti bà jẹ́, tíṣà ti lọ, ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀ àti trigonọ́mẹ́trì ṣì wà nílẹ̀. Bí kò bá yege, kò ní sí Ìbàdàn, kò ní sí nọ́ọ̀sì. Ilé bàbá rẹ̀ ni yóò wà, pẹ̀lú orúkọ tí ẹlòmíràn sọ ọ́.

Ó fi ìbínú kàwé. Ṣùgbọ́n ohun kan kò yé e. Ṣebí ọkùnrin tó máa ń fi ẹ̀bà nu ìdí àwo ni, kí ló dé tó fi ní òun kò mọ ọbẹ̀? Nígbà tó bi Yèyé, ìyá arúgbó náà gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o ò rí Babárìndé nídìí òṣùwọ̀n? Kòkó tó bá wù ú jù ló máa ń ní kò gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà ló ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú, Gbémi. Tíṣà rẹ ti ra ọjà tí wọ́n rán an wá wò."

Gbémisọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣe yìí tún burú sí i. Irú ìfẹ́ wo ló ń ba ènìyàn lórúkọ jẹ́ kó lè rí i gbé?

Lọ́jọ́ ìwọ̀n kòkó, ó bá bàbá rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ Babárìndé. Àwọn àgbẹ̀ tò síbẹ̀, wọ́n ń dúró de òṣùwọ̀n. Ọkọ̀ Àkúrẹ́ dúró, Dominic sọ̀ kalẹ̀. Ó ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku níwájú Bàbá Ògúnbọ̀dé, kò sì dìde kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ gbọ́. Ohun tí ẹ gbọ́ nípa Gbémisọ́lá, ẹnu mi ló ti jáde, irọ́ ni. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi wá wò ó. Mo wò ó, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ara mi. N kò ní ìgboyà láti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ni mo bá ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ kó má baà wù ú. Mo ti lọ bá a l'Ékòó, mo ti jẹ́wọ́. Ó ní òun kò ní àbúrò mọ́."

Àgbẹ̀ kan bú sẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn pòṣé. Bàbá Ògúnbọ̀dé ní ó ti tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, ó dára, kó máa lọ. Gbémisọ́lá ló kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, ìdánwò kù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wá parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. N kò bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan mìíràn."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ dáadáa bóyá yóò rí Túnráyọ̀ lójú rẹ̀. Kò rí i. Ó gbà.

Dominic padà wá. Yèyé gbé àga rẹ̀ sí àárín wọn gan-an báyìí. Tíṣà kọ́ ọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ bó bá wọ inú omi, ó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi òjìji ọ̀pẹ mọ gíga ọ̀pẹ. Gbémisọ́lá ń dá a lóhùn "bẹ́ẹ̀ ni, sà" àti "rárá, sà", kò sì fi nǹkan kan kún un. Edé ti kúrò nínú ọbẹ̀.

Sátidé tó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí wọ́n pa ìwé dé, Gbémisọ́lá bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Oorun ọ̀sán yẹn, kí lẹ rí tí ẹ fi sọ ọ́?"

Dominic kò gbójú sókè. "O sùn lé ìwé lórí lọ́jọ́ kan. O ti ń yí kòkó láti àárọ̀. Ó yẹ kí n jí ẹ. Mo jókòó, n kò mira, nítorí n kò fẹ́ kí ọjọ́ náà parí. Yèyé náà rí mi."

"Mo rí i," ni Yèyé wí.

"Ọbẹ̀ ńkọ́?"

"Nítorí ọbẹ̀ yẹn, n kì í jẹun láàárọ̀ Sátidé."

"Àgbà wo ni mo já lóhùn?"

"Èmi ni. O ní pílọ́ọ̀sì ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Gbémisọ́lá kó tó lè dá a dúró. Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Dominic gbójú sókè, ìrètí kún ojú rẹ̀, ọmọ náà sì yára sọ fún un pé kó má fi ẹ̀rín òun ṣe ìdáhùn. Òun ṣì fẹ́ràn rẹ̀, òun kò ní purọ́ bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kò gbà á gbọ́. Ìdánwò ni òun fẹ́ lọ ṣe.

Ó ṣe é, ó sì yege, ìṣirò àti físíìsì pẹ̀lú. Ó lọ sí Ìbàdàn, ó di nọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Dominic ń lọ kí i. Ní gbogbo ìgbà yẹn ni Gbémisọ́lá ń dán an wò: á bi í ní ohun tó ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, á sì máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Kò bá irọ́ níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, títí ó fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ará Àkúrẹ́ wá tọrọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ṣe ọ̀sán, nítorí Àgùdà ni Màmá Catherine, Bàbá Ògúnbọ̀dé sì ní òun kò bí ọmọ fún Póòpù. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Wọ́n pe Gbémisọ́lá jáde. Bí àṣà ti wí, ọkọ ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Babárìndé, tójú kì í tì, ló dìde gẹ́gẹ́ bí alárinà, ó tún agbádá ṣe, ó ní wọ́n rí òdòdó kan nínú ọgbà yìí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jókòó," ni Gbémisọ́lá wí. Ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà, ṣùgbọ́n Dominic ló kọjú sí. "Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi. Ta ló rán yín wá?"

Àwọn ènìyàn ń kùn pé irú èwo nìyí. Ìyá Dominic fa aṣọ rẹ̀, ó ní kó má dáhùn, pé wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Dominic dìde.

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Èmi ni mo fẹ́ ọ, Gbémisọ́lá. Fún ara mi ni."

Gbémisọ́lá wò ó. Ó wá irọ́ náà lójú rẹ̀ bó ṣe ti ń wá a láti ọjọ́ yìí wá, ó wá a títí àwọn àgbà fi ń mira lórí àga. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí bàbá rẹ̀, ó ní òun gbà.

Ìgbà tí wọ́n ń jẹun ló tó ráyè bá Dominic sọ̀rọ̀, lẹ́bàá àga Matthias tí wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo ní ìhà àwọn ará Àkúrẹ́.

"Kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó," ló wí, "a ó jọ lọ bá ẹ̀gbọ́n yín l'Ékòó."

"Kò ní ṣílẹ̀kùn fún wa, àyànfẹ́ mi."

"A ó dúró síta," ni Gbémisọ́lá wí, ó sì bu ọbẹ̀ kún ti Dominic.